Òkúta ni kí ẹ wò: bí a ṣe ń rìn yípo odi Osaka

Tí ọmọ yín bá mú yín dé ọgbà odi Osaka ní ilẹ̀ Japan, ilé gogoro funfun tó wà láàárín ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, èyí tí wọ́n fi bàbà bo òrùlé rẹ̀ títí tí bàbà náà fi di aláwọ̀ ewé, tí wúrà sì ń dán lára rẹ̀. Ẹ bá a wò ó, ẹ ní ó dára, nítorí ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọnkéré ni. Ọdún 1931 ni wọ́n parí rẹ̀, owó tí àwọn ará ìlú dá jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ wọ bàálù wà nísàlẹ̀: ògiri yàrà àti ògiri ẹnubodè, òkúta tí wọ́n ti tò síbẹ̀ láti bí 400 ọdún sẹ́yìn, tí wọn ò fi sìmẹ́ńtì kankan sí. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi tọ́ ọmọ ní Ìlọrin, láti Pàkátà títí dé Tánkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ọjà àti ṣọ́ọ̀bù, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ mi.

Àwọn òbí bíi tèmi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán àti gbogbo agbègbè yẹn, tí ọmọ wọn ń kàwé tàbí ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí ọmọ náà sì ń pè lórí fóònù pé, "Baba, ẹ wá wo ibi tí mò ń gbé."

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọ yín ni yóò fi ìwé ìpè àti ìwé onídùúró ránṣẹ́, ẹ ó sì kó wọn lọ sí ẹ́ńbásì Japan ní Abuja. Kò sí bàálù tó ń lọ tààrà láti Nàìjíríà. Doha tàbí Dubai ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pààrọ̀. Ẹ sọ fún ìyá ilé pé ẹran kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì. Kílíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran díndín, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ní pápákọ̀, ó sì lè di ẹjọ́ sí ẹni tó bá fi pamọ́ lọ́rùn. Ọmọ tó ń sọ pé ìlasa àti ẹran Ìlọrin ń wu òun, kó fara dà á.

Ìgbà wo ni kí ẹ lọ? Oṣù keje àti ìkẹjọ gbóná, ooru olómi tó ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Oṣù kìíní àti ìkejì tutù ju ọyẹ́ tí a mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà náà ni igi ume ń tan òdòdó, wọ́n sì ní ọgbà kan níbẹ̀ tí igi ume inú rẹ̀ lé ní 1,200. Ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ti sakura, òdòdó tí gbogbo ayé ń sọ. Ìgbà yẹn, èrò ò ní jẹ́ kí ẹ rí òkúta. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ìparí oṣù kọkànlá: ewé igi ti pọ́n, òmíràn ti di bí ìyeyè, aṣọ òtútù kan tó fún yín, ọ̀nà sì gba ẹsẹ̀. Bàtà rírọ̀ tí ẹ ti wọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Kò sí ibi tí bàtà aláwọ tuntun ti máa ń jẹ èèyàn ní gìgísẹ̀ tó ibi tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti àtẹ̀gùn.

Pápákọ̀ Kansai tí ẹ ó bà sí, orí erékùṣù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó iyẹ̀pẹ̀ dà sínú òkun ṣe ló wà; 1994 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá ti bá omi jà nídìí fáńdéṣọ̀n rí, á dúró wò yíká díẹ̀. Ẹ ra káàdì ICOCA níbẹ̀. Ẹ ó máa fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀, yóò sì máa yọ owó fúnra rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin JR dé Tennoji, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti Tanimachi Line, kí ẹ sì sọ̀ ní Tanimachi 4-chome. Ọmọ yín yóò fẹ́ mú yín gba Osakajokoen, nítorí pé ibùdókọ̀ yẹn ló ń jẹ́ orúkọ ọgbà náà. Ẹ má gbà fún un. Ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, ibẹ̀ la ó gbà jáde. Tanimachi 4-chome ló sún mọ́ Otemon, ẹnubodè ńlá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, bí ìṣẹ́jú 10 ni ẹ ó sì fi rìn débẹ̀. Bí a ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé onílé náà ni.

Ẹ ò ní sanwó kí ẹ tó wọ ọgbà. Tọ̀sán-tòru ló ṣí sílẹ̀, ó sì lé ní hẹ́kítà 100. Ẹ ó rí àwọn tó ń sáré, àwọn arúgbó tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọmọléèwé tó tò lẹ́yìn tíṣà pẹ̀lú fìlà àwọ̀ kan náà lórí gbogbo wọn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ọkọ̀ kékeré kan wà tó ń gbé èèyàn yí inú ọgbà ká fún owó díẹ̀. Kó má tijú, kó wọ̀ ọ́.

Ó kù díẹ̀ kí ẹ dé ẹnubodè ni kí ẹ ti dúró, níbi tí yàrà wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fara ti irin, kí ẹ wo ògiri tó wà lódìkejì omi. Ẹ̀rìnmẹ́ta ni kí ẹ wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ wo kọ́nà. Òkúta gígùn ni wọ́n gbé lé ara wọn níbẹ̀: èyí nà sí ọ̀tún, èyí tó gùn ún nà sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ títí dókè. A máa ń fi bíríkì ṣe é, à ń pè é ní bọ́ńdì, ọmọ iṣẹ́ tí kò bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, kò tíì kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bíríkì la fi ń ṣe é. Ẹyọ kan nínú òkúta kọ́nà wọ̀nyí, gbogbo lébìrà tí mo gbà láyé mi kò lè gbé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ògiri náà ṣe dúró. Kò nàró. Ó sinmi sẹ́yìn lé ilẹ̀ tó ń dì mú, ìdí rẹ̀ fẹ̀ jáde, bó sì ṣe ń lọ sókè ló ń nàró sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gùn ún yóò rò pé ó rọrùn, títí yóò fi dé àárín. Lẹ́yìn òkúta ńlá tí ẹ ń wò, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n kì sẹ́yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó kàn. Ọ̀nà omi nìyẹn. Tí òjò bá rọ̀, omi á gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ ṣàn lọ, kò ní há sẹ́yìn ògiri kó máa tì í. Mélòó nínú fẹ́ǹsì tó ń wó ní Ìlọrin lóṣù kẹsàn-án ni kì í ṣe omi tó há sẹ́yìn rẹ̀ ló tì í? Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mì, tí ilẹ̀ Japan kì í yé mì, òkúta tí kò fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ ara wọn lè yún díẹ̀ kí wọ́n tún padà jókòó.

Ìkẹta, ẹ sún mọ́ ògiri ibi tí ọwọ́ lè tó o, nínú ẹnubodè. Ẹ ó rí ihò kéékèèké onígun mẹ́rin tó tò ní ìlà sí etí òkúta míì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ihò, tí wọ́n kan nǹkan ṣóńṣó bọ̀ ọ́, tí wọ́n lù ú títí àpáta fi là sí méjì níbi tí wọ́n fẹ́. Àwọn tó ń fi iná àti òòlù fọ́ àpáta lẹ́yìn ìlú wa yóò wo ihò wọ̀nyẹn, wọ́n á sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣàlàyé. Ẹ ó tún rí àmì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, róbótó, àgbélébùú, oríṣiríṣi. Àmì ẹni tó ni òkúta ni. Ní 1620, Tokugawa Hidetada tó jẹ́ shogun, olórí ogun tó ń ṣe ìjọba gbogbo ilẹ̀ náà, pàṣẹ fún àwọn olóyè ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Japan pé kí kálukú kó òkúta wá, kó kó òṣìṣẹ́ wá, kó mọ apá tirẹ̀. Ọdún 1629 ni wọ́n tó parí. Kálukú ṣe àmì sára òkúta rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbé e. Òkè Rokko ni àwọn kan ti wá, àwọn mìíràn ti inú erékùṣù bíi Shodoshima àti Inujima wá, orí omi ni wọ́n gbé wọn gbà. Àwọn tí wọ́n gé ṣùgbọ́n tí wọn ò rántí gbé ṣì wà ní Shodoshima dòní. Gbogbo ẹni tó ti ṣe kọ́ńtíráàtì rí mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Nínú ẹnubodè Otemon fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí ẹ̀yìn, kí ẹ wo ìdí àwọn òpó. Ìdí ọ̀kan ti jẹrà nígbà kan, wọ́n sì kan igi tuntun mọ́ ọn. Káfíńtà tó kan án ti kọjá lọ, kò sì sọ bó ṣe ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá wo ojú ìsopọ̀ náà láti iwájú, kò yẹ kó ṣeé kì bọ inú ara wọn láti òkè. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò yẹ kó ṣeé tì wọlé. Ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń wo egungun ni wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó mọ ọgbọ́n rẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi jókòó, ó ń tẹ fóònù.

Lọ́wọ́ òsì lẹ́yìn ẹnubodè ni ọgbà Nishinomaru wà. Owó kékeré ni ẹ ó san kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ilé ìṣọ́ kan wà létí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Sengan, 1620 ni wọ́n kọ́ ọ, igi àtijọ́ ni, kì í ṣe kọnkéré. Pápá koríko ńlá ló wà níbẹ̀, ó sì dára láti sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní Ìlọrin, ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí. Ní Osaka, ìwọ̀-oòrùn ni, kó yà díẹ̀ sí àríwá. Ara yóò fẹ́ yí síbi tó ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ́ńpáàsì inú fóònù sọ fún yín. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹsẹ̀ sínú abọ́ tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́, ojú burúkú ni wọ́n ń fi wo ìyẹn. Ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ lọ ṣe àlùwàlá sídìí igi. Ẹní kékeré kan, igun kan tó dákẹ́, ẹ kí Àílà yín. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí wà ní Nishiyodogawa nínú ìlú Osaka kan náà, kí ẹ kírun tán kí ẹ tó wá síbi odi.

Oúnjẹ: wọ́n ń ta takoyaki káàkiri, ìyẹ̀fun róbótó tí wọ́n fi ẹran inú òkun sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ra fún ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí, kó jẹ́ kí ọmọ béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi kan ẹnu. Ìyá àwọn ọmọ mi din àkàrà láti ilé, a sì jẹ ẹ́ lórí koríko. Ẹ mú ọ̀rá dání, nítorí ẹ ó rìn títí kí ẹ tó rí agbada ìdọ̀tí kan. Kálukú ló ń gbé ìdọ̀tí tirẹ̀ lọ sílé.

Nísinsìnyí, ẹ kọjá níwájú ojúbọ Hokoku, tí wọ́n kọ́ fún Toyotomi Hideyoshi, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ odi síbí, kí ẹ sì gba orí afárá wọ ẹnubodè Sakuramon. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé nìyí. Bí ẹ bá ṣe wọlé, òkúta kan dojú kọ yín, ògiri odindi kan ni òun nìkan. Takoishi ni wọ́n ń pè é. Gíga rẹ̀ tó mítà 5.5, ìbú rẹ̀ lé ní mítà 11, wọ́n sì fojú bù ú pé ó wọn tọ́ọ̀nù 108. Tírélà tó kó àpò sìmẹ́ńtì 600, tọ́ọ̀nù 30 ló gbé. Ẹ to irú tírélà yẹn mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, kò tíì tó òkúta kan yìí, orí omi ni wọ́n sì gbé e gbà wá láti Inujima, nígbà tí kò sí kéréènì. Olóyè ìlú Okayama, Ikeda Tadao, ló gbé e wá.

Àmọ́ mo ní láti tú àṣírí kan. Kò nípọn bí ojú ṣe rò. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní ìnípọn rẹ̀ kò tó mítà kan. Pátákó òkúta ni, wọ́n gbé e dúró síbi tí gbogbo àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Wíwò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìjà. Òkúta kọ́nà tí ẹ rí lójú yàrà ló ń ṣiṣẹ́. Takoishi ń ṣe fàájì. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ ti wá dé iwájú ilé gogoro. Mítà 55 ni gíga rẹ̀. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé inú ilé náà ìtàn ni wọ́n kó sí. Hideyoshi, ẹni tí kò ti ilé ọlá wá tó wá di alágbára jù lọ ní Japan, ló bẹ̀rẹ̀ odi síbẹ̀ ní 1583, lórí ilẹ̀ tí tẹ́ńpìlì Ishiyama Hongan-ji wà tẹ́lẹ̀. Ó kú ní 1598. Tokugawa Ieyasu, tó gba agbára lẹ́yìn rẹ̀, gbógun ti Hideyori ọmọ Hideyoshi ní 1614, ó tún padà wá ní 1615. Odi jó, Hideyori àti ìyá rẹ̀ pa ara wọn. Hidetada, ọmọ Ieyasu, wá kó ilẹ̀ bo gbogbo ohun tí Hideyoshi kọ́, ó sì kọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Nítorí náà, kò sí òkúta Hideyoshi kan nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ń wò láti àárọ̀. Ilé gogoro tí Tokugawa kọ́, àrá sán pa á ní 1665, ó jó, wọn ò sì tún ilé gogoro kọ́ sórí ìpìlẹ̀ yẹn títí di 1931. Bíi ti Hideyoshi ni wọ́n ṣe ya ilé kọnkéré yìí. Orí ìpìlẹ̀ ẹni tó pa ìdílé rẹ̀ run ni wọ́n gbé e lé.

Láti oṣù kẹrin 2025, tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà ti di 1,200 yẹ́ẹ̀nì. Ó ti gbówó lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni ẹ ó fi wọ ibi tí mo gbà pé ó ju ilé gogoro lọ: yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti hú ògiri Hideyoshi jáde. 1959 ni wọ́n ṣèèṣì rí i, 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fún àwọn àlejò. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ rí lókè. Òkúta ibẹ̀ kéré, wọn ò gé e, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n tò ó, kódà ẹ ó rí òkúta tí wọ́n ti lò níbòmíràn rí kí wọ́n tó kó o wá. Ẹni tó kọ́ eléyìí ń kánjú. Ẹni tó kọ́ tòkè ní àsìkò, ó sì ní owó àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Aago 9 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí ilé gogoro. Láti 28 oṣù kejìlá títí di 1 oṣù kìíní, wọn kì í ṣí i. Tí ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé bá ti gùn, ẹ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ ná. Tí ẹ bá gòkè, ẹ̀rọ yóò gbé yín dé àjà 5, ẹ ó fẹsẹ̀ gun ìyókù dé àjà 8, ẹ ó sì rí gbogbo Osaka. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Níwájú ilé náà, ẹ wo ibi róbótó kan tí irin bò: àpótí méjì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, láti ìgbà Expo 1970, ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Osaka, ó kún fún nǹkan ayé ìgbà náà. Ọdún 6970 ni wọ́n máa ṣí ọ̀kan. Ìyá àwọn ọmọ mi béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ yí lọ sí ẹ̀yìn ilé gogoro, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í dé. Ẹ wo ìdí rẹ̀ ní igun àríwá-ìlà-oòrùn. Àwọn òkúta kan ti yẹ̀ kúrò lójú ìlà, ìgun wọn ò bára mu mọ́. Bọ́ǹbù ni. Ilé iṣẹ́ ohun ìjà àwọn ológun wà lápá ìlà-oòrùn ọgbà yìí nígbà ogun. Ní 14 oṣù kẹjọ 1945, bàálù Amẹ́ríkà jù bọ́ǹbù síbẹ̀, ọjọ́ kejì ni ọba Japan kéde lórí rédíò pé ogun ti parí. Wọn ò tún ògiri náà tò. Mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa.

Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ gba Yamazatomaru, níbi tí òkúta ìrántí Hideyori àti ìyá rẹ̀ wà, tí wọ́n sì kó àwọn òkúta alámì jọ sí. Ẹ kọjá lórí afárá Gokurakubashi. Ẹ bojú wẹ̀yìn lórí afárá náà, nítorí ibẹ̀ ni ògiri, omi àti ilé gogoro ti jọ wọ fọ́tò kan. Tí ẹ bá fẹ́ rí ògiri tó ga jù, ẹ yà sí apá ìlà-oòrùn yàrà inú: ó lé ní mítà 30 láti ìsàlẹ̀ yàrà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹnubodè Aoyamon jáde sí ibùdókọ̀ Osakajokoen, èyí tí ọmọ yín fẹ́ mú yín gbà láàárọ̀.

Tí àyè ọjọ́ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ wọ ọkọ̀ JR láti Osaka lọ sí Himeji, nǹkan bíi wákàtí kan ni. Ilé gogoro ti ibẹ̀ kì í ṣe kọnkéré. Igi ni, 1609 ni wọ́n parí rẹ̀, iná ò jó o, bọ́ǹbù ò sì wó o. Wọ́n ó ní kí ẹ bọ́ bàtà, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò lu. Àtẹ̀gùn rẹ̀ nàró, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ti ibẹ̀ ni kí ẹ gùn.